Àwòrán títẹ̀ oníye: kí la ń wò kí a tó sanwó, báwo la sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀ n'Ílọrin?

Àwòràn Tánkè

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan fẹ́ ta àwòrán títẹ̀ oníye kan, irú èyí tí wọn kì í tẹ̀ ju iye kan pàtó lọ, fún mi n'Ílọrin níbí. Ìwé rẹ̀ jẹ́ 50 × 70 sẹ̀ǹtímítà. Aláró tó ń rẹ aṣọ ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ mẹ́rin ni mo kà. Wọ́n kọ 23/75 sábẹ́ àwòrán lápá òsì, ìbuwọ́lùwé ayàwòrán wà lápá ọ̀tún, ìwé ẹ̀rí kan sì bá a rìn. Ẹni tó ń tà á ní lino ni, ìyẹn èyí tí wọ́n gé àwòrán sójú pátákó lino tó rọ̀ kí wọ́n tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́; ó ní 75 péré ló wà láyé. Férémù ti wà lára rẹ̀, pláíwúdù ni wọ́n fi dí ẹ̀yìn. Kí ni kí n wò kí n tó ná an? Ṣé 23 yẹn dáa ju kó jẹ́ 70 lọ?

Ìyá Férémù

Ẹ káàbọ̀. Kí ẹ tó dá iye kankan, ẹ ní kó tú férémù yẹn níṣojú yín. Inú dígí kọ́ la ti ń ra àwòrán títẹ̀. Dígí ń bo ìdọ̀tí, ó ń bo ibi tí wọ́n ti fi sẹ́lótéépù lẹ̀ ẹ́, ó sì ń bo èyí tó burú jù, ìyẹn ibi tí wọ́n ti gé etí ìwé kó lè wọ férémù tó wà nílẹ̀. Bí ó bá kọ̀ tí kò tú u, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ojú Lẹ́ńsì

Òótọ́ ni màámi sọ. Tó bá ti tú u tán, ẹ wá lẹ́ńsì kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń tẹ̀ mọ́jú. Ẹ gbé àwòrán náà síbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe abẹ́ iná àjà. Ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé ni kí ẹ gbé lẹ́ńsì lé.

Bó bá jẹ́ lino lóòótọ́, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan á dúró gbári láyè ara rẹ̀, kò ní sí tóótòòtó kankan nínú rẹ̀. Etí rẹ̀ á ní bèbè tín-ín-rín tó ṣókùnkùn ju àárín lọ, torí pé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tẹ pátákó mọ́ ìwé, yíǹkì máa ń sá lọ sétí. Níbi tí àwọ̀ kan ti gun èkejì, ẹ ó rí i pé ó ga díẹ̀, dídán rẹ̀ á sì yàtọ̀. Ẹ wá yí ìwé dojú dé, ẹ fi ìka pa ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ibi tí pátákó ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa máa ń yọ sẹ́yìn bí ojú àpá.

Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ tí ẹ rò pé ó dúró gbári á fọ́ yángá sí tóótòòtó búlúù, pupa, ìyeyè àti dúdú, tí wọ́n tò yí ara wọn ká bí òdòdó wínníwínní. Bí ẹ bá ti rí òdòdó yẹn, ọ̀rọ̀ lino ti tán. Ti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń fín yíǹkì, èyí tí wọ́n ń pè ní giclée, kò jọ méjèèjì; tóótòòtó tirẹ̀ tàn káàkiri láìlétò, bí èlùbọ́ tí a kù sórí atẹ.

Etching, èyí tí wọ́n ń fi ásíìdì jẹ ìlà àwòrán sára irin, ní àmì tirẹ̀: irin tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ máa ń fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lára ìwé, bí ìgbà tí a bá fi ìdérí tẹ àmàlà lójú. Ìlà rẹ̀ sì máa ń ga lórí ìwé, èékánná á mọ̀ ọ́n. Yíǹkì screen print, èyí tí wọ́n ń ti yíǹkì gba ojú aṣọ asẹ́ kọjá sórí ìwé, ní tirẹ̀ nípọn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúró sórí ìwé bí awọ, kì í tẹ ìwé wọlé.

Ẹ fi lẹ́ńsì kan náà wo ìbuwọ́lùwé àti nọ́ńbà. Pẹ́ńsù ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń kọ wọ́n. Pẹ́ńsù máa ń dán bí òjé tí ẹ bá dà á síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń fi ipa sára ìwé, oòrùn kì í sì í pa á rẹ́ bíi ti bírò.

Ará Ọ̀fà

Lórí 23 yẹn, àbúrò. Ó túmọ̀ sí ẹ̀dà 23 nínú 75. Kò túmọ̀ sí pé òun ni wọ́n tẹ̀ ṣìkẹtàlélógún. Wọ́n á tẹ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á kó o jọ, ìgbà yẹn ni ayàwòrán tó máa jókòó kọ nọ́ńbà, èyí tó bá sì bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń kọ. Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan lé owó torí nọ́ńbà kékeré. Drypoint ni ti ìṣáájú ti lè dáa ju ti ìkẹyìn lọ gan-an. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń họ irin níbẹ̀, etí ṣákaṣàka tó hù lára irin ló ń gbé yíǹkì dúró. Bí ẹ̀rọ bá ti ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, etí yẹn á máa jẹ, ìlà tó rí múlọ́múlọ́ tẹ́lẹ̀ á di gbígbẹ.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni mélòó ló wà lẹ́yìn 75. A/P, ìyẹn èyí tí ayàwòrán yọ sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, sábà máa ń tó ìdá 10 nínú 100, bíi 7 tàbí 8 nínú 75. P/P jẹ́ ti ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́. H/C kì í ṣe títà. B.A.T. ni ẹ̀dà kan tí ayàwòrán fọwọ́ sí pé kí gbogbo ìyókù jọ. Nígbà mìíràn ẹ ó tún rí nọ́ńbà Róòmù, bíi IV/XX, ìyẹn ọ̀wọ́ mìíràn tí wọ́n tẹ̀ sórí ìwé mìíràn tàbí ní àwọ̀ mìíràn. Bí A/P bá tó 30, tí ọ̀wọ́ Róòmù tún jẹ́ 20, 125 ni ẹ̀dà tó wà nílẹ̀. Ẹni tó sọ pé 75 péré kò tíì ka oókan tán.

Giclée ní tèmi, fọ́tò àwòrán ni. Mi ò kì í kà á kún àwòrán títẹ̀.

Atẹ̀wé Màlété

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ta kò yín lórí giclée. Ẹni tó bá ya àwòrán epo, tó wá ya fọ́tò rẹ̀ tẹ̀, ẹ̀dà ló ṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi kọ̀ǹpútà yà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ibo ni àwòrán àkọ́kọ́ wà tí a ó ní ó dà á kọ? Ohun tí ẹ máa bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ìwé àti yíǹkì rẹ̀: ìwé tí wọ́n fi òwú 100% ṣe, tó wúwo tó gíráàmù 300 ní mítà kan níbùú lóròó, àti yíǹkì pigment, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ lẹ́búlẹ́bú. Yíǹkì dye, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti yòrò sínú omi, máa ń tètè ṣá. Tí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fọ́tò tó ń dán, ẹ fi sílẹ̀.

Lórí lino aláwọ̀ mẹ́rin, ẹ bi wọ́n bóyá pátákó mẹ́rin ni wọ́n gé tàbí pátákó kan tí wọ́n ń gé lọ díẹ̀díẹ̀. Ti pátákó kan ni mo fẹ́ràn jù, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ iye. Ayàwòrán á kọ́kọ́ gé ibi tó fẹ́ kó funfun kúrò, á fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù tẹ gbogbo ìwé. Á tún gé ibi tó fẹ́ kí àwọ̀ yẹn kù sí, á tẹ àwọ̀ kejì lé gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ títí dé dúdú. Nígbà tó bá fi dé àwọ̀ kẹrin, pátákó àwọ̀ kìíní ti di èérún nílẹ̀. Bí wọ́n fún un ní mílíọ̀nù, kò lè tẹ ẹyọ kan sí i mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ 75 gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bíi 90 ìwé, torí ìwé tó bá yẹ̀ ní mìlímítà 1 péré, funfun á yọ láàárín àwọ̀ méjì, ó ti kúrò nínú iye nìyẹn.

Ti etching àti pátákó púpọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, irin àti pátákó wọn ṣì wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń họ X ńlá sójú irin lẹ́yìn tí iye bá pé, tí wọ́n á sì tẹ ẹyọ kan pẹ̀lú X yẹn lára gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ti screen, wọ́n á fọ oògùn ojú rẹ̀ kúrò. Ẹ má tijú láti bèèrè. Ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dá yín lóhùn láìbínú.

Ìgbómìnà Mọ̀yè

Ẹ ǹlẹ́ o, láti Òmù-Àrán. Àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀: Tutu, àwòrán epo tí Ben Enwonwu yà. Ẹ̀yà mẹ́ta ló yà ní 1973 àti 1974, ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n tà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018 ní iye tó ju mílíọ̀nù pọ́n-ùn 1.2 lọ. Ṣùgbọ́n Tutu tó wà ní pálọ̀ àwọn bàbá wa láti ọjọ́ yìí wá, iṣẹ́ ẹ̀rọ kàlẹ́ńdà ni. Ó lẹ́wà, ẹ gbé e kọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá kọ nọ́ńbà sí abẹ́ rẹ̀ lónìí kò lè sọ ọ́ di oníye.

Ẹ sì jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un kí ẹ má baà ju wúrà nù. Àìsí nọ́ńbà nìkan kò tó láti fi pe iṣẹ́ àtijọ́ ní ayédèrú. Àwọn ará Òṣogbo tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Georgina Beier láwọn ọdún 1960, bíi Twins Seven-Seven tó ṣe etching àti Adebisi Fabunmi tó ń gé lino, iṣẹ́ wọn ni kí ẹ fi ojú wò kí ẹ tó wo nọ́ńbà. Yíǹkì, ìwé, ẹ̀yìn ìwé, àti ọwọ́ tí iṣẹ́ náà ti gbà kọjá.

Àwòràn Tánkè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ó tú férémù, mo sì rí lẹ́ńsì yá. Ohun tí mo rí nìyí: aṣọ aláró kún fún òdòdó wínníwínní gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ. Ẹ̀yìn ìwé tẹ́jú bọ̀rọ́, kò sí àpá. 23/75 ń dán, ó sì fi ipa sílẹ̀. Ìbuwọ́lùwé kò dán rárá. Tóótòòtó dúdú ló di orúkọ. Etí ìwé lókè jẹ́ ìka mẹ́rin, tìsàlẹ̀ kò ju ìka kan àbọ̀ lọ. Ìlà kan tó pọ́n bíi tíì yí gbogbo etí àwòrán ká.

Ojú Lẹ́ńsì

Ọ̀rọ̀ ti yé. Ìbuwọ́lùwé yẹn wà lára àwòrán tí wọ́n gbé sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ìyókù. Nọ́ńbà ni ẹlòmíràn fi pẹ́ńsù kọ lẹ́yìn náà. Mi ò sọ pé ẹni tó ń tà á ló kọ ọ́, ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tà á fóun náà. Ṣùgbọ́n owó kàlẹ́ńdà ni kí ẹ san, bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀.

Ìwé ẹ̀rí ńkọ́? Èyí tó níláárí máa ń ní orúkọ ayàwòrán, àkọlé, ọdún, ọ̀nà tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, irú ìwé, ìwọ̀n àwòrán àti ìwọ̀n ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, iye gbogbo ẹ̀dà àti iye A/P, nọ́ńbà tiyín, àti ìbuwọ́lùwé ayàwòrán tàbí ilé ìtẹ̀wé. Bí wọ́n bá kàn kọ "ojúlówó ni" síbẹ̀, kò wúlò. Ẹ pe ayàwòrán tàbí gálárì rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo ìwé àkọsílẹ̀ wọn kí wọ́n sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí nọ́ńbà 23 wà.

Ará Ọ̀fà

Ẹ tún wo etí ìwé tí ó sọ yẹn. Ìka mẹ́rin lókè, ìka kan àbọ̀ nísàlẹ̀: wọ́n ti gé e. Kódà bó bá jẹ́ ojúlówó, gígé yẹn ti jẹ púpọ̀ nínú iye rẹ̀, torí etí ìsàlẹ̀ ni òǹtẹ̀ ilé ìtẹ̀wé tí kò ní yíǹkì sábà máa ń wà.

Àwòràn Tánkè

Mo ti dá a padà, a ò jà. Mo ti bá ayàwòrán kan l'Ékòó sọ̀rọ̀ fúnra mi báyìí: screen print, 12/40, A/P 4, ìwé òwú gíráàmù 300, 56 × 76 sẹ̀ǹtímítà. Ó fi fọ́tò screen tí ó ti fọ̀ ránṣẹ́. Báwo ni kó ṣe dé Ìlọrin láìṣẹ́? Irú férémù wo sì ni kí n ṣe?

Ará Ọ̀fà

Ìyẹn ló dáa. Bí ó bá máa wá nínú mọ́tò, pẹlẹbẹ ló dáa jù: kí wọ́n fi ìwé tí kò ní ásíìdì wé e, kí wọ́n ki igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ àpò ìwé kékeré lórí páálí, páálí mìíràn lókè, kí páálí méjèèjì fi sẹ̀ǹtímítà 5 ju ìwé lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà náílọ́ọ̀nù torí òjò. Bí ó bá di dandan kí wọ́n ká a, kí wọ́n lo páìpù omi oní-íǹṣì 4, kì í ṣe páálí róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká kàlẹ́ńdà sí. Kíká tó há máa ń la yíǹkì screen print lójú. Tó bá dé, ẹ má fi ọwọ́ tú u tẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó sinmi nínú yàrá di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó tẹ́ ẹ sáàárín ìwé mímọ́, kí ẹ gbé pátákó títẹ́jú lé e fún ọjọ́ 2.

Ìyá Férémù

Férémù burúkú ló ń pa àwòrán títẹ̀ jù nílùú yìí, ju òjò lọ. Ìlà tó pọ́n bíi tíì tí ẹ rí lára èyí àkọ́kọ́, òun gan-an nìyẹn: ásíìdì inú pláíwúdù àti páálí yẹ̀pẹ́rẹ́ ló ṣí wọ ìwé lọ. Kì í fọ̀ kúrò nílé.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó láti iwájú lọ sẹ́yìn. Iwájú ni pásípẹ́ẹ̀sì tó ń dènà ìtànṣán oòrùn. Bí apá ò bá ká a, dígí lásán, kí ẹ wá gbé e jìnnà sí fèrèsé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mount, páálí òwú tó nípọn tó mìlímítà 1.5, tí wọ́n gé àárín rẹ̀ bí fèrèsé. Ẹ má rò pé ẹwà nìkan ni mount wà fún. Òun ló ń ti dígí kúrò lára yíǹkì. Yíǹkì screen print tó bá fara kan dígí lásìkò òjò, á lẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, àwọ̀ á ṣí bá dígí lọ. Ojú fèrèsé mount kí ó fi mìlímítà 7 sí 10 jìnnà sí àwòrán, kí ó sì fẹ̀ díẹ̀ sí i nísàlẹ̀ kí nọ́ńbà àti ìbuwọ́lùwé lè hàn.

Bí a ṣe ń so ó ló yẹ kí ẹ dúró tì. Kò sí sẹ́lótéépù, kò sí gọ́ọ̀mù onífúnfun, kò sí fífi iná lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ìwé Japan pélébé la ń lò, a ó fi omi fa ìlà sí i, a ó wá fi ọwọ́ ya á kí etí rẹ̀ lè ní irun, ẹyọ 2, 2.5 × 4 sẹ̀ǹtímítà. Àtè rẹ̀: ṣítáàṣì àlìkámà ìwọ̀n 1, omi ìwọ̀n 4. Ẹ rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́, ẹ má dáwọ́ rírò dúró fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú títí á fi mọ́ gaara bí ẹ̀kọ tó jinná. Tó bá tutù, ẹ sẹ́ ẹ. Ọjọ́ tó bá kan, ẹ dà á nù. Ìdajì ẹyọ ìwé Japan lẹ́yìn àwòrán lókè, ìdajì lára páálí ẹ̀yìn. Òkè nìkan. Ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ á wà lófo, torí ìwé máa ń wú lójò, ó máa ń sún kì nígbà ọyẹ́. Èyí tí wọ́n lẹ̀ yíká á hunjọ tàbí kó ya. Ìdè náà gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ìwé lọ. Bí férémù bá já, ìdè ni kó ya, kì í ṣe iṣẹ́.

Ẹ̀yìn pátápátá, páálí tí kò ní ásíìdì, kí wọ́n fi ìwé alátè tí wọ́n ń fi omi rẹ kó tó lẹ̀ lẹ gbogbo ojú ààlà pa kí kòkòrò má ráyè. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ onífèrémù, ẹ sọ ọ́ létí rẹ̀ kedere pé kò gbọdọ̀ gé ìwé. Férémù la ń kàn bá ìwé mu.

Ìgbómìnà Mọ̀yè

Màámi ti parí iṣẹ́. Èmi á fi ti ojú ọjọ́ kún un. Ọ̀rinrin tí ìwé ń fẹ́ jẹ́ 45 sí 55 nínú 100. Tó bá ti kọjá 65 tó sì pẹ́ níbẹ̀, ó máa bu. Tiwa níhìn-ín, òjò ń gbé e kọjá ibẹ̀ dáadáa, ọyẹ́ á sì tún já a wálẹ̀ sábẹ́ 30. Lílọ sókè sódò yẹn ló ń sọ ìwé di jàn-án-jàn-án. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ọ̀rinrin, ẹ gbé e sí yàrá náà.

Ẹ má gbé e kọ́ sára ògiri tí òjò ń lù láti ìta. Ẹ lẹ kóòkì tó nípọn tó mìlímítà 5 sí igun férémù lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀. Ibi tí ikán bá ti máa ń gun ògiri, ẹ máa yọ ọ́ wò lóṣooṣù. Káńfọ̀ ò gbọdọ̀ wọ inú férémù tàbí dúrọ́ọ̀ tí ìwé wà. Ní ti ìmọ́lẹ̀, 50 lux ni wọ́n ń lò ní mùsíọ́ọ̀mù fún iṣẹ́ orí ìwé, bí yàrá tí wọ́n ti fa aṣọ fèrèsé sí. Àwọ̀ tí oòrùn bá ti mu kì í padà.

Àwòràn Tánkè

Ẹ ṣé gan-an, màámi, ẹ̀gbọ́n mi gbogbo. Ìbéèrè kan ló kù. Tí mo bá padà ra iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya tó ga jáde lára ìwé, ṣé ọ̀nà férémù kan náà ni?

Atẹ̀wé Màlété

Rárá o. Ní 1967 ni ásíìdì ba irin kan jẹ́ mọ́ bàbá Onobrakpeya lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe ni ọ̀nà títẹ̀ olókè-sódò wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn wú sókè gan-an níbi tí irin ti jìn, gíga yẹn sì ni iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ẹ má gbé pátákó lé e láti tẹ́ ẹ, ẹ má sì fi mount nìkan ṣe ààlà. Kí onífèrémù kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín dígí àti mount kí àlàfo lè tó sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi rúlà wọn ibi tó ga jù lára ìwé kí ẹ tó ní kó gé igi.